Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ ní kí wọ́n wo Task Manager

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìdáhùn tí ojú ewé kọ̀ǹpútà yín fún òǹkàwé kan tó ní VirtualBox, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣe kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà (virtual machine), ò jẹ́ kóun ṣí Linux lórí désítọ́ọ̀pù òun, pé kó kúkú lọ ra òmíì torí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò lè gbé virtual machine. Ẹ má bínú, mi ò lè dákẹ́ lórí ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa tún un ṣe kíá, torí èèyàn á gba ohun tí ìwé ìròyìn sọ gbọ́, á sì lọ náwó tí kò yẹ kó ná.

Intel ti ń fi VT-x, ohun tó ń jẹ́ kí chip lè gbé virtual machine, sínú chip wọn láti 2005, AMD náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2006, AMD-V ni wọ́n ń pè é. Lóòótọ́ kì í ṣe gbogbo chip ayé ìgbà yẹn ló ní in, àmọ́ désítọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó ṣòro kẹ́ ẹ tó rí èyí tí kò ní in. Ohun tó sábà máa ń fa wàhálà ni pé wọ́n pa á nínú BIOS, ìyẹn ibi ìṣètò bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó máa ń ṣí kí Windows tó wọlé, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan míì ti gbà á mọ́ VirtualBox lọ́wọ́. Ọ̀tọ̀ ni oògùn ìkíní, ọ̀tọ̀ ni tìkejì, àwọn èèyàn sì máa ń da méjèèjì pọ̀.

Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, ẹ máa rí Virtualization nísàlẹ̀ níbẹ̀. Tó bá kọ Disabled, BIOS lẹ ń lọ nìyẹn. Ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tẹ Restart, ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, UEFI Firmware Settings, orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀ ò wá dọ́gba, ti Intel lè jẹ́ Intel Virtualization Technology tàbí VT-x, ti AMD sábà máa ń jẹ́ SVM Mode, àwọn bọ́ọ̀dù míì sì lọ tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ overclocking (ibi tí wọ́n ti ń mú kí chip sáré sí i), ibi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí yẹn ò dáa rárá, ta ló máa wá a débẹ̀? Ẹ má fi VT-d pè é o, ìyẹn wà fún kéèyàn lè gbé káàdì tàbí nǹkan míì fún virtual machine ní tààrà. Tẹ́ ẹ bá ti tàn án, ẹ séèfù, kẹ́ ẹ pa kọ̀ǹpútà náà pátápátá kẹ́ ẹ tó tún un tàn, torí restart nìkan kì í tó fáwọn míì. Tó bá sì tún padà sí Disabled fúnra ẹ̀, bóyá bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù ló ti kú, tàbí wọ́n ti ṣe update BIOS.

Tó bá kọ Enabled tí VirtualBox ṣì ń pariwo VT-x is not available ńkọ́? Hyper-V, ètò virtual machine ti Windows fúnra ẹ̀, ló jókòó sórí ẹ̀ yẹn. Àgbò méjì kì í mumi nínú akèrègbè kan. VirtualBox tuntun máa ń gbìyànjú láti ṣiṣẹ́ lórí Hyper-V, ẹ máa rí àwòrán ìjàpá aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ wíńdò ẹ̀, gbogbo nǹkan á wá máa fà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn ò tan Hyper-V rí, àmọ́ WSL 2 (tó ń gbé Linux sínú Windows), Docker Desktop (tó ń ṣí ètò nínú àpótí tiwọn), Windows Sandbox (ibi tí wọ́n ti ń dán ètò wò) àti Memory Integrity (ààbò kan nínú Windows), gbogbo wọn ló ń lò ó lábẹ́lẹ̀. Ẹ lè fi bcdedit /set hypervisorlaunchtype off pa á nínú Command Prompt tẹ́ ẹ ṣí bí administrator, kẹ́ ẹ restart, àmọ́ WSL 2 ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ títí dìgbà tẹ́ ẹ bá dá a padà sí auto.

Ti Memory Integrity yẹn ló ká mi lára jù, torí mo máa ń rí àwọn tó ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n kàn pa á. Òun ló ń dènà kí dráífà burúkú máà ráyè wọnú kernel Windows, ìyẹn ọkàn Windows gan-an o! Ẹni tó bá ní Windows Pro, tó sì nílò WSL 2 lójoojúmọ́, kó kúkú lo Hyper-V fún virtual machine ẹ̀, kó fi ààbò ẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn tó ń lo Linux náà, àṣẹ lscpu á sọ bóyá VT-x tàbí AMD-V wà. Láti kernel Linux 6.12, KVM, ètò virtual machine ti Linux fúnra ẹ̀, máa ń gba VT-x tàbí AMD-V ní kété tó bá ti wọlé, VirtualBox á wá kọ̀, ẹ fi modprobe -r kvm_intel yọ ọ́, tàbí kvm_amd tó bá jẹ́ AMD.

Tí òǹkàwé bá tún bi yín nírú ìbéèrè yìí, ẹ ní kó kọ orúkọ CPU ẹ̀, ohun tí Task Manager sọ, àti kóòdù àṣìṣe (error) náà bó ṣe rí gan-an, torí VERR_VMX_MSR_ALL_VMX_DISABLED àti VERR_SVM_DISABLED, BIOS ni wọ́n ń tọ́ka sí, VERR_VMX_NO_VMX sì sábà máa ń jẹ́ ti Hyper-V.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín