Ẹ má tètè bi ọmọ pé ẹ̀kọ́ wo ló rí kọ́ nínú ìtàn

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé etí àwọn tó ń bójú tó yàrá ìkàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ bá ti ka ìwé ìtàn tán, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn ni, "Ẹ̀kọ́ wo lẹ rí kọ́?" Àwọn ọmọ sì ti mọ èsì tí wọ́n ń retí: ká má purọ́, ká máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ọmọ tó sùn látìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lè dáhùn bẹ́ẹ̀.

Bí ìtàn ṣe ń rìn ló yẹ kí ọmọ ọdún 5 sí 7 kọ́kọ́ mọ̀: ta ló wà níbẹ̀, ibo ló ti ṣẹlẹ̀, kí ló dà á láàmú, kí ló ṣe sí i, báwo ló ṣe parí? Ẹ má tíì kó àwọn orúkọ bí "ẹ̀dá ìtàn" (ẹni tó wà nínú ìtàn) àti "ibùdó ìtàn" (ibi tó ti ṣẹlẹ̀) lé wọn lórí. Orúkọ kì í sá lọ.

Kí àwọn ọmọ tó wọlé, ẹ ti ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi bébà pélébé sàmì sí ibi mẹ́ta tí ẹ máa dúró: ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ yí padà, àti kété ṣáájú ìparí. Ẹ bi wọ́n níbẹ̀ pé, "Kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Kí ló jẹ́ kẹ́ ẹ rò bẹ́ẹ̀?" Kí ẹ wá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5. Ẹni tí kò bá lè dákẹ́, ọmọ tó yára jù lọ ni yóò máa dáhùn lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sì dúró jù, okùn ìtàn á já.

Ẹ má ṣe kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé, torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn yín á mú kí àwòrán ṣókùnkùn lójú wọn. Bí ìwé bá kéré tí ọmọ sì pọ̀, ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó ń ṣeré lẹ́yìn kì í ṣe alágídí, wọn ò rí nǹkan kan ni.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé yẹn náà ni kí ẹ tún kà. Lẹ́yìn náà, ẹ ya ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún inú rẹ̀ sórí páálí, ẹ dà wọ́n rú, kí àwọn ọmọ tò wọ́n padà. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí: ẹ yọ ọ̀kan láàárín, kí ẹ béèrè bóyá ìtàn ṣì dúró láìsí i. Ọmọ tó ń sọ "lẹ́yìn náà, lẹ́yìn náà" ṣáá á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "nítorí pé". Ó ti rí ohun tó so ìtàn pọ̀ nìyẹn. Ẹ lè wá béèrè ẹ̀kọ́ yín.

Ní ti ìwé tí wọ́n á yá lọ sílé, ẹ kọ́ wọn láti ṣí ojú ewé kan, kí wọ́n na ìka kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọn kò lè kà. Bí ó bá pé márùn-ún, ìwé náà ti le jù fún ọmọ náà láti dá kà. Àmọ́ bí àwòrán rẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́ lójú, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ, kí àgbàlagbà kà á fún un.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú yàrá ìkàwé ọmọdé