Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra ilẹ̀ tó ti ṣá, ẹ gbọ́ ti Anthony Foster

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo ń gbọ́ pé ilẹ̀ tó ti ṣá lẹ ń rà nítorí pé kò wọ́n. Kò burú. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí Anthony Foster ṣe ní Collon, ní agbègbè Louth ní Ireland.

Aṣòfin ni, ó sì di adájọ́ àgbà ní 1766. Ó ní éékà 5,000 tó jẹ́ igbó ṣákálá; owó tí àwọn tó yá a dáko ń san lọ́dún kò ju ṣílè 3 sí 4 léékà. Ó rọ àwọn tó ń dáko níbẹ̀ pé kí wọ́n tún un ṣe, wọn ò gbà. Ló bá mú éékà 2,000 sí 3,000 sọ́wọ́ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé wọn lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ó hú igbó ẹlẹ́gùn-ún, ó túlẹ̀, ó da ẹfun sísun sí i, àgbá 140 sí 170 léékà. Kíkan inú ilẹ̀, ìyẹn asíìdì, ni ẹfun ń pa. Ààrò 27 ló ń sun òkúta tó ń di ẹfun náà, tí wọ́n ń rù wá láti máìlì 4, èédú wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń dáná sì ń gba orí òkun wá láti Milford Haven ní Wales. Àgbá kan jẹ́ pẹ́ńsì 9. Àgbá 160 jẹ́ pọ́n-ùn 6 léékà. Àpapọ̀ rẹ̀ tó pọ́n-ùn 30,000, owó ẹfun nìkan o! Ibi tí omi dúró sí, ó gbẹ́ kòtò, ó sì fi òkúta kún inú rẹ̀ kí omi lè máa ṣàn lọ.

Ibi tí ẹ ó ti ṣubú nìyí: kí ẹ ra ẹfun láì yẹ ilẹ̀ wò. Ilẹ̀ tí kò kan kò nílò rẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, irúgbìn kò ní rí èròjà irin àti zinc tó nílò fà mọ́. Foster dán àgbá 300 wò, ó sì rí i pé ó dára sí i. Ilẹ̀ òkè Collon ló gbà á. Ẹ má fi ṣe òfin fún tiyín.

Èyí tó wù mí jù ni pé ó yan àwọn àgbẹ̀ tó lápá iṣẹ́, ó ra màlúù fún wọn, ó yá wọn lówó, ó ní kí wọ́n san án bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ó sọ ohun tí wọn ó ṣe lóko, ó ní bí àdánù bá wà, òun ni yóò san án; èrè, tiwọn ni. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ṣílè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Arthur Young, ọmọ England tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀, débẹ̀ ní 1776, àwọn kan lára wọn ti ní pọ́n-ùn 400 sí 500.

Síbẹ̀, òfin ìgbà yẹn kò jẹ́ kí Kátólíìkì, tí í ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ Ireland, ra ilẹ̀, àwọn Protestant láti Faransé àti England ni Foster sì kó wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ náà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wádìí ẹni tó ń dáko níbẹ̀, kí ẹ sì kọ àdéhùn tiwọn sínú ìwé.