Ẹ má lé àwọn ọmọ jíìmù kúrò ní láàbù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n fi ní kí ìjọba ti gbogbo láàbù tó bá ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn ọ̀dọ́ jíìmù tó ń gún abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, kí àyà wọn lè fẹ̀. Wọ́n ní àwa la ń gbà wọ́n láyè, pé tí a bá lé wọn padà, wọ́n á jáwọ́. Bàbá, ẹ forí jì mí sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Láàbù ni mo ti ń jẹun kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ lọ́dún 1991, àdúgbò Òkè-Fìà ni mo sì wà báyìí. Ọmọ tí a bá lé kì í jáwọ́. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ta abẹ́rẹ́ fún un ló máa ń padà lọ gba ìmọ̀ràn, ìmọ̀ràn tí onítọ̀hún sì ní kò ju kó tún ra òmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe máa ń wá. Ọmọ náà á wọlé, apá rẹ̀ ò ní gba ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja (wọ́n lẹ́kọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn), á wá rọra sún mọ́ tábìlì kí àwọn tó jókòó má baà gbọ́: “Mà, ẹ bá mi wo testosterone nìkan.” Tí mo bá ní kó jẹ́ ká wo LH àti FSH, họ́mónù méjì mìíràn, mọ́ ọn, á ní owó ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń ra abẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ o!

Inú ẹpọ̀n ni testosterone ti ń jáde lára ọkùnrin, ṣùgbọ́n orí ni àṣẹ ti ń wá. Ohun kékeré kan tí kò tóbi ju ẹ̀wà lọ wà lábẹ́ ọpọlọ. Òun ló ń tú LH àti FSH sínú ẹ̀jẹ̀. LH ló ń sọ fún ẹpọ̀n pé kó ṣe testosterone, FSH sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ṣíṣe irúgbìn ọmọ tó wà nínú àtọ̀. Tí testosterone bá ti kún inú ẹ̀jẹ̀ láti inú ìgò abẹ́rẹ́, orí ò mọ̀ pé ṣe ni wọ́n rà á. Á dákẹ́. Ilé tí wọ́n bá ti ń gbé oúnjẹ wọlé láti bùkátéríà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ta ló tún fẹ́ dáná níbẹ̀? Ààrò á tutù. Ẹpọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, irúgbìn ọmọ inú àtọ̀ á dín kù, nígbà míì á tán pátápátá. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá wá pa abẹ́rẹ́ tì, oúnjẹ ìta dáwọ́ dúró, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dáná nílé. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún mi pé ara ò gbé kánkán mọ́, inú ń bà wọ́n jẹ́ láìnídìí, ọ̀rọ̀ iyàrá ò sì lọ bó ṣe yẹ.

Ìdí nìyí tí testosterone nìkan fi lè tan èèyàn jẹ. Ẹnì kan, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Lékan, orúkọ rẹ̀ kọ́, wá sọ́dọ̀ mi kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gún kẹ́yìn. Testosterone rẹ̀ jẹ́ 6.8 ng/mL, iye tó dára lójú. Inú rẹ̀ dùn, ó ti gbé fóònù jáde láti ya èsì náà ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Mo ní, “Fara balẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣì kù nílẹ̀, jẹ́ kí n bá ọ wo LH, mi ò ní gbowó rẹ̀.” LH rẹ̀ kò tó 0.1 IU/L. FSH náà bẹ́ẹ̀. Lára àgbà ọkùnrin, LH sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 1.5 sí 9. Testosterone tó ń yọ̀ sí yẹn, ti inú ìgò ni. Àwọn oògùn olóróró yìí máa ń pẹ́ nínú ẹran ara kí wọ́n tó tán, nandrolone decanoate, irú kan nínú wọn, sì tún máa ń pẹ́ ju testosterone enanthate, irú mìíràn, lọ. Ẹni tó bá wá kí oògùn tó tán, oògùn ló wá yẹ̀ wò.

Ó jókòó. “Mà, ṣé pé tèmi fúnra mi ò tíì jí?”

“Kò tíì jí.”

Àwọn kan gbọ́n ju Lékan lọ, tàbí kí n ní wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa Clomid. Ẹ̀yin ìyá tó ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ Clomid dáadáa: oògùn tí dókítà máa ń fún obìnrin tí ẹyin rẹ̀ kì í jáde ni. Ó máa ń mú kí orí ọkùnrin náà tú LH síta. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń lò ó lọ́wọ́, LH á gòkè, testosterone á tẹ̀ lé e, èsì á sì dùn ún wò. hCG, abẹ́rẹ́ họ́mónù mìíràn tí wọ́n máa ń lò, kì í bá orí sọ nǹkan kan ní tirẹ̀, ṣe ló ń ṣe iṣẹ́ LH lára ẹpọ̀n. Testosterone á gòkè, LH á ṣì sùn sílẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú pé dókítà fún èèyàn ní oògùn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ibi tí ara dé fúnra rẹ̀ ò lè hàn títí wọ́n á fi fi wọ́n sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èsì tí wọ́n gbà nígbà tí Clomid ṣì wà lẹ́nu, wọn kì í bi mí kí wọ́n tó máa fi yangàn.

Ìgbà tí wọ́n ń wá náà tún ń kó mi láyà sókè. Àárọ̀ ni testosterone máa ń pọ̀ jù. Kí aago mẹ́wàá tó lù ló yẹ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, kí ikùn sì ṣófo, torí oúnjẹ náà máa ń fà á wálẹ̀. Ẹ má jẹ iyán yó tán kí ẹ wá bá mi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá máa sunkún pé ó lọ sílẹ̀. Tó bá sì lọ sílẹ̀ láàárọ̀ pàápàá, ẹ tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ẹnì kan tún mú èsì méjì wá fi hàn mí, ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ti láàbù àkọ́kọ́ jẹ́ 5.1, ti ìkejì jẹ́ 14.6. Mo wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Ti àkọ́kọ́, ng/mL ni wọ́n fi kà á; ti ìkejì, nmol/L. 1 ng/mL jẹ́ nǹkan bí 3.47 nmol/L, nítorí náà 5.1 yẹn tó nǹkan bí 17.7 tí a bá kà á lọ́nà ti láàbù kejì. Ó ti wálẹ̀ ni, kò gòkè. Nígbà tí mo ṣírò ẹ̀ sí ẹ̀yìn bébà fún un, ó wò ó, ó wò mí, ó ní, “Mà, mo ti ra ẹran fún gbogbo àwọn ọmọ jíìmù.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti onírun. Gbogbo ẹni tó rí èsì ọmọkùnrin yìí ní jíìmù ló ní irọ́ ló ń pa: testosterone ga, LH àti FSH wà nílẹ̀, bí ti ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó búra fún mi pé òun ò fọwọ́ kàn án fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo wo orí rẹ̀, ó ti ń pá níwájú. Mo bi í bóyá ó ń lo nǹkan kan fún irun. Ó fa ìgò kan yọ nínú báàgì: biotin, fítámì tí wọ́n ń lò fún irun, èyí tí agbára rẹ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a fi ń ka họ́mónù ló ń lo biotin nínú bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí èyí tí èèyàn gbé mì bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ka LH àti FSH kéré ju bí wọ́n ṣe wà lọ, kó sì ka testosterone pọ̀ jù, nígbà tí ohunkóhun ò ṣe ẹni náà. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ lọ́dún 2017, síbẹ̀ ta ló ń bi àwọn èèyàn léèrè kó tó fa ẹ̀jẹ̀ wọn? Mo ní kó pa ìgò náà tì fún ọjọ́ mélòó kan kó tó padà wá. LH rẹ̀ jáde ní 4.2, testosterone ní 4.9 ng/mL. Ó ní òun máa lẹ èsì yẹn mọ́ ògiri jíìmù.

Ṣùgbọ́n ti àwọn ìyàwó ló ń dùn mí jù, Olóòtú. Tí tọkọtaya bá ń wá ọmọ, obìnrin ló máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á ti ya àwòrán inú rẹ̀ títí, á ti mu àgbo títí, ìyá ọkọ á ti mú un dé orí òkè àdúrà. Tí wọ́n bá ń ṣọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, mo máa ń rí àwọn tó ń bẹ Yèyé fún ọmọ lẹ́bàá odò. Mi ò bá Ọ̀ṣun jà o, ọmọ Òṣogbo ni mí. Ọkọ tó dúró sí ẹ̀yìn wọn, tí ọrùn rẹ̀ ki, tí àyà rẹ̀ le, òun gan-an ni mo máa ń fẹ́ bi léèrè ohun tó ń gún sí ìdí. Kò sẹ́ni tó ń bi í, torí gbogbo wa gbà pé ẹni tó bá ti rí báyìí, akọ ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti fi irú abẹ́rẹ́ kan náà yìí ṣe ìwádìí ohun tí ọkùnrin lè fi fètò sọ́mọ bíbí, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 1990. Testosterone enanthate ni, 200 mg lọ́sẹ̀. Nínú ọkùnrin 271 tó gbà á, 157 ni kò sí irúgbìn ọmọ kankan mọ́ nínú àtọ̀ wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Ohun tí wọ́n fi dènà oyún ni ọmọ wa ń gún, á tún lé e sí i, á wá gbé ìyàwó tán, á máa wo ojú ìyàwó. Irúgbìn ọmọ máa ń tó nǹkan bí oṣù méjì ààbọ̀ kó tó pọ́n tán, nítorí náà LH àti testosterone lè ti dára kí àyẹ̀wò àtọ̀ ṣì wà lódo. Ẹlòmíràn á lo oṣù mélòó kan kó tó padà, ẹlòmíràn á lé ní ọdún kan. Ẹ yẹ ọkùnrin wò lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá ń yẹ obìnrin wò. Kò tún yẹ kí n máa bẹ̀bẹ̀ fún èyí.

Ọ̀rọ̀ PCV, ìyẹn ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki sí, náà nìyí, ní kíákíá. Àwa Yorùbá máa ń yọ̀ tí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ wa kún, ṣùgbọ́n testosterone lè mú kó kún kọjá àlà. Tí PCV bá ti ju 54% lọ, dókítà tó ń fún èèyàn ní testosterone gan-an máa ń dá a dúró, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ki jù lè dì nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Ti ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹni tó gbé irin wúwo lánàá, AST àti ALT rẹ̀, àwọn ohun tí a fi ń yẹ ẹ̀dọ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀, lè ga láti inú ẹran ara, kó má jẹ́ ẹ̀dọ̀ rárá. Ẹ sinmi irin fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì wo GGT, èyí tí kì í wá láti inú ẹran ara, mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni tó fún yín ní àgbo ẹ̀dọ̀.

Mo gbà pé òótọ́ kan wà nínú lẹ́tà bàbá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé èsì tó dára ni wọ́n fi ń gba ìyọ̀ǹda láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Mo mọ̀ wọ́n, mo sì máa ń sọ fún wọn lójú ara wọn pé mi ò bá wọn fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nítorí irú àwọn bẹ́ẹ̀, ṣé ká wá ti ìlẹ̀kùn mọ́ Lékan? Lékan ò gún òmíràn láti ọjọ́ yẹn. Ó padà wá ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, testosterone ti já wálẹ̀ gan-an, LH ti ń rọra gbórí. Ìyẹn ni ìgbà tó le jù, ìgbà tí ẹni tó ta abẹ́rẹ́ ń pè é lórí fóònù pé kó wá gba díẹ̀ sí i kí ara lè gbé e. Nọ́ńbà LH tó ń gòkè yẹn ló fi ń dá a lóhùn. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, LH ti wọ àyè rẹ̀. Testosterone ṣì kéré díẹ̀, mo sì ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti UNIOSUN kí dókítà họ́mónù wò ó, torí iṣẹ́ èmi ni kíka ẹ̀jẹ̀, ìtọ́jú kì í ṣe tèmi.

Ìbá sì sàn ju gbogbo èyí lọ ká ní ó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó gún ti àkọ́kọ́. À bá mọ ibi tí ara rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, a ò ní máa méfò.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ní láàbù, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí yín. Ẹ kọ aago tí ẹ fa ẹ̀jẹ̀ sórí èsì. Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ fi ka nọ́ńbà (ng/mL tàbí nmol/L) síwájú rẹ̀ kó hàn ketekete. Ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ kẹ́yìn, oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, àti biotin, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ láìbá wọn jà. Tí ọmọ kan bá ní testosterone nìkan ni òun lówó fún, ẹ sọ fún un kó lọ tọ́jú owó LH wá kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Láàbù,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.