Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ripọ́ọ̀tù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ń gbèjà àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ̀ láti gba ẹni tí ìbọn bà wọlé. Ó ní iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là á jẹ́, pé ọ̀gá tó ni ọsibítù ló yẹ kí a bi. Mo mọ̀ pé àánú wa ló ṣe é. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà, mo ti fẹ̀yìn tì, Ìkòròdú níbí ni mo sì ti lo ọdún tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè gba ìgbèjà yẹn. Mo ti fi ṣe aṣọ bora rí, mo mọ bó ṣe fẹ́lẹ́ tó.

Lọ́dún 2006, mo wà lórí náìtì ní ọsibítù aládàáni kan ní ìlú yìí. Ó ku díẹ̀ kí aago méjì òru lù. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ la wà níbẹ̀, dókítà ti lọ sílé. Ọlọ́kadà kan gbé ọkùnrin kan dé, ẹlòmíràn dì í mú látẹ̀yìn kó má baà ṣubú. Ọta ìbọn ti wọ itan rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ti rin gbindin fún ẹ̀jẹ̀. Mo ti mú òwú lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti mú òwú lọ́wọ́. Mo wá pe ọ̀gá lórí fóònù bí wọ́n ṣe máa ń ní ká ṣe, ó sì ní, "Ìwé ọlọ́pàá dà? Má gbà á o, Sístà. Kí wọ́n máa gbé e lọ Jẹ́nẹ́rà." Ibi tí mo ti ń rò ó ni ẹnìkan lára àwọn tó ti pé jọ sẹ́nu géètì ti sọ pé, "Olè ni, ẹ má dá a lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú mi sílẹ̀, kí n má purọ́. Títí di ìṣẹ́jú náà, ènìyàn ló wà níwájú mi, ó ń mí, ó ń pe ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe pè é lólè báyìí, ó di ẹrù òfin, ó di ohun tí ọlọ́pàá lè wá bá nínú ilé wa. Mi ò tilẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́ pé báwo ló ṣe mọ̀. Mo ti géètì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọ ripọ́ọ̀tù mi. Aláìsàn márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ti wálẹ̀. Òru lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ nọ́ọ̀sì ni pé ohun tí a kò bá kọ, a kò ṣe é. Ọjọ́ yẹn ni mo rí bí ẹ̀kọ́ náà ṣe lè yí padà mọ́ni lọ́wọ́: ẹni tí a kò bá kọ, kò wá rárá. Kò ní káàdì, kò ní orúkọ, kò sẹ́ni tó lè bi mí nípa rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó dé Jẹ́nẹ́rà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo rí ọlọ́kadà náà ní Sábó. Ó wò mí, kò kí mi.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ní òfin ló dè wá lọ́wọ́. Òfin wo? Òfin ìdigunjalè àtijọ́ tí gbogbo wa fi ń bojú, ohun tó sọ ni pé ọsibítù tó bá tọ́jú ẹni tí wọ́n fura pé ìbọn bà gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí lójú ẹsẹ̀. Kò sọ pé ká má tọ́jú. Ẹ̀rù ló bá wa kọ ìyẹn kún un, ẹ̀rù ọ̀hún kò sì ṣàìní ìdí, torí mo mọ dókítà kan tó ṣe oore tó sì jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá di alẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Bayo Ohu, oníròyìn The Guardian, ní Èkó, ìròyìn ìgbà náà gbé e pé ìwé ọlọ́pàá ni wọ́n béèrè ní ọsibítù tí wọ́n gbé e lọ.

Ní 2014, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè, abala 20, wí pé òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù tí ì báà fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní 2017, wọ́n ṣe òfin fún ọgbẹ́ ìbọn gan-an: ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o, owó àsansílẹ̀ wà o, kò sí o, gbogbo ọsibítù gbọ́dọ̀ gbà á, ti ìjọba àti ti aládàáni, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni náà bá kú nítorí pé ẹni tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ káwọ́ lẹ́rán, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni tàbí 500,000 náírà, tàbí méjèèjì. Ẹnikẹ́ni tó ní ọgbẹ́ ìbọn ni òfin náà wí. Kò yọ olè sílẹ̀.

Ti iṣẹ́ tí wọ́n rán ni wá ńkọ́? Àwọn àgbà tó ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ, wọ́n mọ ohun tí ẹrú jẹ́ jù wá lọ. Ẹ̀bi kì í ṣe iṣu tí mo lè bù fún ọ̀gá kí tèmi lè dínkù. Nígbà kan tí a ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ láti sọ ìwé àṣẹ wa dọ̀tun, wọ́n sọ fún wa nípa ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Hadamar, ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti fi oògùn àti abẹ́rẹ́ pa òṣìṣẹ́ tó lé ní 400 tí wọ́n fipá kó wá láti Poland àti Soviet nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ológun Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1945, wọ́n dájọ́ ikú fún nọ́ọ̀sì ọkùnrin méjì, ọ̀gá nọ́ọ̀sì, Irmgard Huber, sì gba ẹ̀wọ̀n ọdún 25. Akọ̀wé tó ń kọ irọ́ sínú ìwé ikú wọn gba ọdún 35. Akọ̀wé o! Ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé, torí èmi náà kọ "wọ́ọ́rọ́wọ́." Àmọ́ ilé ẹjọ́ kì í sọ ohun kan náà nígbà gbogbo: ní Munich ní 1965, wọ́n dá nọ́ọ̀sì 14 láti ilé ìwòsàn mìíràn tó jọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá wọ́n sùn dáadáa lẹ́yìn náà, àwọn ló mọ̀.

Mi ò sọ pé kí ọmọ ọdún méjìlélógún tó wà lórí náìtì lálẹ́ òní ní Àgríìkì máa dá gbé ẹrù yìí. Bó bá gba aláìsàn náà wọlé, wọ́n lè lé e lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀rí-ọkàn kì í sì í san owó ilé. Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí ojú ewé kan wà nínú ìwé ripọ́ọ̀tù fún àwọn tí a dá padà: aago tí wọ́n dé, bí wọ́n ṣe rí, ohun tó ṣe wọ́n, ẹni tó ní ká má gbà wọ́n. Kí ẹni náà fọwọ́ sí i láàárọ̀. Kí àwọn HEFAMAA tó ń yẹ ọsibítù wò ní Èkó máa béèrè ojú ewé yẹn. Ọ̀gá tó lè sọ ọ́ lórí fóònù láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì bí nọ́ọ̀sì bá fèsì pé, "Sà, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ o."

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Ọdún 2006, aago méjì òru kù díẹ̀. Ọkùnrin, bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ọgbẹ́ ìbọn ní itan, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ọlọ́kadà ló gbé e wá. Ọ̀gá ní ká má gbà á, a kò gbà á. Èmi ni mo ti géètì.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkòròdú.