Lẹ́tà sí Bàámi, lórí kọ́bọ́ọ̀dù Táyé

Bàámi,

Àbúrò mi fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ lánàá, ó ní wọ́n ti ń tú òrùlé ilé, wọ́n ti kó ẹrù yàrá yín síta, kọ́bọ́ọ̀dù Táyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga nínú oòrùn, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí lòun máa ṣe sí i. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti gbọ́ ọ, mò ń ti Hōryū-ji bọ̀, ohun tí mo sì lọ wò níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè dáhùn.

Tẹ́ńpìlì ni, ní Ikaruga lẹ́bàá Nara, kò jìnnà sí Osaka tí mo wà. Wọ́n ní kọ́bọ́ọ̀dù kan níbẹ̀, ẹ jẹ́ n pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá pè é bẹ́ẹ̀, Tamamushi no Zushi lorúkọ ẹ̀, ilé ère ni, láti ohun tó lé ní 1,300 ọdún sẹ́yìn. Ó ga jù mí lọ. Pákó ni gbogbo ẹ̀ títí dórí òrùlé, wọ́n gbẹ́ ẹ bí ilé gidi, ó nílẹ̀kùn níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wá to ìyẹ́ kòkòrò tamamushi sábẹ́ idẹ tí wọ́n dá ihò sí lára, ìyẹ́ tó máa ń dán bí ìgbà tí pẹtiróòlù bá kán sómi. Èyí tó pọ̀ jù ti ré dànù. Mo lóṣòó síbẹ̀ títí ẹni tó wà lẹ́yìn mi fi wúkọ́.

Dúdú tí wọ́n fi kun ún yẹn ló mú mi rántí yín. Kì í ṣe fánísì o. Oje igi ni, urushi, wọ́n á fi ọ̀bẹ ya igi náà lára bí wọ́n ṣe ń ṣe sí igi rọ́bà, ohun tí wọ́n á rí lára igi kan kì í ju bíi gíráàmù 200 lọ, tútù ẹ̀ sì máa ń sú síni lára, á máa yún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: kì í gbẹ lóòrùn, inú ọ̀rinrin ló ti ń le! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lé oníbàárà padà tí òjò bá ti ṣú, pé fánísì máa funfun.

Wọ́n ya ọmọ ọba kan sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù náà, lókè àwòrán ó ń bọ́ aṣọ kọ́ igi, láàrin ó ti fò, nísàlẹ̀ ẹkùn àtàwọn ọmọ ẹ̀ ti ń jẹ ẹ́. Ebi ló ń pa ẹkùn yẹn tó fi fi ara ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn ère mẹ́ta tó wà nínú ilé náà tẹ́lẹ̀, Búdà tí wọ́n ń pè ní Amida àtàwọn ẹmẹ̀wà ẹ̀ méjì, olè ti jí wọn, ìwé àlùfáà wọn kan ti sọ ọ́ láti ohun tó lé ní 700 ọdún sẹ́yìn. Wọn ò torí ẹ̀ sọ ilé nù. Ère kékeré kan ti Kannon, aláàánú wọn, ni wọ́n gbé síbẹ̀.

Ṣé ẹ rántí àárọ̀ yẹn? Ọyẹ́ ń mú, ọdún tí mo fẹ́ ṣe WAEC, Ìyá Àgbà ò tíì pẹ́ tó kú, kò sẹ́ni tó ń fi osùn pa ère Táyé mọ́. Mo jí láti tọ̀, mo bá yín níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, ẹ gbé nǹkan lé apá òsì bí ẹni gbé ọmọ, ẹ fi ìborùn Ìyá Àgbà wé e. Ẹ rí mi. Ẹ ní, "Lọ sùn." Nígbà tó fi máa di alẹ́ ẹ ti ka owó WAEC mi sórí bẹ́ǹṣì, owó tuntun, ẹ̀yin tó jẹ́ pé àwìn lẹ fi ń ra ìṣó lọ́sẹ̀ yẹn.

Kẹ́hìndé ni yín, Bàámi. Ṣé ẹ ta Táyé ni?

Mi ò bi yín. Ogún ọdún ó lé, mi ò bi yín, mo ṣe WAEC, mo yege, ẹ̀yin náà ń ti ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo yẹn lálaalẹ́, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè wọlé dáadáa. Ta lẹ ń tì í fún? Nígbà míì inú yín a máa bí mi débi pé mi ò ní lè jẹun, tí mo bá wá rántí ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é, ẹnu mi á pa mọ́.

Mi ò sì sin yín. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, wọn ò ní kí n má lọ, wọ́n kàn ní tí n bá lọ kí n má retí pé iṣẹ́ máa dúró dè mí. Orí fóònù ni mo ti wò ó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já bí wọ́n ṣe ń sọ̀ yín kalẹ̀, nígbà tó fi máa padà wọ́n ti ń bu yẹ̀pẹ̀. Iṣẹ́ náà nìyẹn, títo ìrẹsì sínú abọ́ láti alẹ́ mọ́jú. Ìparí oṣù yìí ni ìwé mi máa tán, ọ̀gá ò tíì sọ bóyá wọ́n máa fi kún un, ó ti ń yẹra fún ojú mi. Ọmọ mi ní owó sùkúù ti wọlé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti pè mí gbẹ̀yìn, ìyẹn náà ló pè sí.

Àbúrò mi tún ti kọ̀wé láàárọ̀ yìí, ó ní àwọn tó ń kan òrùlé fẹ́ fi pákó ẹ̀ dáná, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ẹ̀ ṣì ń tì dáadáa. Ó ti rí i pé mo ti kà á.