Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Wa Gun Òkè

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn aláṣẹ yunifásítì l'Ékìtì létí.

Mary Lyon dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin kan, Mount Holyoke, sílẹ̀ ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, ní 1837. Nígbà tó fi di 1838, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ọjọ́ tí wọ́n ń gun òkè tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ṣì ń ṣe é dòní. Ohun tó wù mí jù ni pé wọn kì í kéde ọjọ́ náà ṣáájú. Ní ìgbà tí ewé ń wọ́, bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere láàárọ̀ ọjọ́ kan, agogo á dún. Kò sí kíláàsì mọ́ nìyẹn, ó di orí òkè, níbi tí wọ́n ti ń lá áìsì kirimù. Òkè ọ̀hún ò sì ga tó 300 mítà! Smith College tó wà nítòsí wọn bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1877, ọdún tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn òkè tiwa.

Ṣé àwa ló yẹ ká máa fi òkè ṣe ìran wò? BOUESTI (Bamidele Olumilua University of Education, Science and Technology), tó di yunifásítì ní 2020, wà ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, nílùú òkè Olósùnta àti òkè Orole. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ lọ rí àwọn àgbà ìlú. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Olósùnta, kì í ṣe òkè tí èèyàn kàn ń gùn bó ṣe wù ú. Àwọn àgbà ni yóò sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé.

Oṣù kọkànlá ló dáa jù lójú tèmi. Lásìkò òjò, àpáta máa ń yọ̀ bọ̀rọ́. Bó bá sì di oṣù kìíní, ọyẹ́ á ti bo gbogbo ilẹ̀, ẹni tó gòkè ò ní rí nǹkan kan. Kí wọ́n tètè gbéra, torí bí oòrùn bá ti mú, ọwọ́ ò ní gba àpáta náà dì mú. Kí àwọn nọ́ọ̀sì àti omi tẹ̀ lé wọn. Kí olùkọ́ jọ́gíráfì náà bá wọn lọ, kó fi ibi tí àpáta ti ń bó ní ìpele ìpele hàn wọ́n.

Bí ti Ìkẹ́rẹ́ bá yọrí, kí àwọn yunifásítì Adó náà yan òkè tiwọn.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.