Ìyá Ìbejì, wọ́n fẹ́ dáná sun aláǹtakùn Bàbá

Ìyá Ìbejì mi, ṣé àlàáfíà lẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́? Ǹ bá pè ẹ́ ṣùgbọ́n etí pọ̀ nínú ilé yìí, jẹ́ n yáa tẹ̀ ẹ́.

O rántí àpótí Bàbá Bọ́mà tí wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn? Wọ́n ti ṣí i o. Aṣọ sójà ló wà níbẹ̀, òórùn kánfọ̀ gba gbogbo yàrá, wọ́n rán aṣọ yẹ́lò rìbìtì kan mọ́ apá ẹ̀, aláǹtakùn dúdú wà láàárín, ó dorí kodò. Ni Bọ̀dá Àgbà bá lọ pe pásítọ̀ wá, ìyẹn ní àmì awo ni, ó ní òun ló ń ta okùn sọ́nà gbogbo wa, àfi ká sun ún.

Awo bó ti wù ó mọ! Àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Division 81 ti West Africa ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1943 tí wọ́n sì kó lọ jagun ní Bọ́mà. Ananse inú àlọ́ àwọn ará Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, ni aláǹtakùn yẹn, ìyẹn Ìjàpá tiwọn, kékeré tó ń fọgbọ́n mú ẹni tó jù ú lọ. Ìdorí-kodò yẹn ló wá dùn mọ́ mi jù, torí tí sójà bá ti na ìbọn sí ọ̀tá báyìí, aláǹtakùn náà á kọjú síwájú, á máa bá ẹnu ìbọn lọ. Ẹni tó ro ìyẹn gbọ́n o. Ti Division 82, ọ̀kọ̀ méjì àti òṣùká alárù ni, torí orí làwọn alárù fi ń ru ẹrù nínú igbó yẹn. Ká ní òṣùká ni pásítọ̀ rí, á ní ẹbọ ni Bàbá rù.

Mò ń rẹ́rìn-ín o, àmọ́ BP Mọ́mì ti tún ga, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ mọ́ aláǹtakùn yìí, òun náà ti fẹ́ máa gbà á gbọ́. Sísì ti bímọ, ọkùnrin. Atẹ́gùn ṣí òrùlé kíṣíìnì.

Jọ̀ọ́, lọ sí Imperial War Museum tó wà ní London yẹn, bi wọ́n bóyá wọ́n ní irú ẹ̀, kó o ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di Sọ́ńdè. Bọ̀dá Àgbà ò lè bá òyìnbó jiyàn. Mo ti fi réésọ̀ tú tiwa kúrò lára aṣọ, wọn ò tíì mọ̀. Kí ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ hàn ketekete o, má jẹ́ kí Táíwò dúró síwájú ẹ̀.